Ohun Tí Wọ́n Fi Ń De Ẹsẹ̀ Mọ́ Pákó

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí àwọn òyìnbó ń fi í ṣe. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ̀. Ẹni tó ní òun mọ̀ ṣàlàyé fún mi, ṣe ni orí mi tún dàrú sí i. Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé inú bẹ́ẹ̀lì bàtà ni mo ti rí i, ní ìsọ̀ mi lọ́jà Ìkòtún, lọ́dún 1995, àti pé lọ́jọ́ yẹn gan-an, inú ń bí mi.

Sìdíkátù lorúkọ mi. Bàtà òkìrìkà ni mò ń tà. Ẹni tó bá mọ òwò wa mọ̀ pé bẹ́ẹ̀lì ò lójú: òkè òkun ni wọ́n ti ń dì í pinpin, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbá a yíká, wàá sì rà á láìrí inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá gé irin yẹn, ohun tó bá jáde, tìrẹ ni. A kì í dá a padà. Ẹni tó bá ní kóun dá a padà, wọ́n á fi ṣẹ̀sín títí yóò fi kó kúrò lọ́jà.

Àwọn oníbàárà mi ti yí mi ká láti ṣa àkọ́ṣà. Àyìnkẹ́, tí ìsọ̀ tiẹ̀ kángun sí tèmi, ti na ọrùn. Mo gé irin náà. Búùtù ló ń jáde, búùtù ńláńlá tí inú rẹ̀ ní irun bíi ti àgùntàn. Ta ló fẹ́ fi irun wọ ẹsẹ̀ ní Ìkòtún? Nínú oòrùn yìí? Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀lì, mo sì fa nǹkan kan jáde tí mi ò lè fún lórúkọ.

Ó dà bíi bàtà tí wọ́n bó ara rẹ̀ kúrò. Àtẹ̀lẹsẹ̀ wà, ike dúdú líle. Lẹ́yìn, níbi gìgísẹ̀, ike kan dìde dúró ṣánṣán, ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì méjì wà níwájú, ọ̀kan fún ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ ìka. Tí o bá fà wọ́n, wọ́n á dún ká-ká-ká, wọn ò sì ní padà mọ́ àfi tí o bá fi ìka gbé irin kékeré kan sókè. Láàárín àtẹ̀lẹsẹ̀ gan-an, ihò roboto, tí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ kan bí ìdérí agolo mílíìkì dí. Mo ṣì ń wò ó, mo fa ìkejì rẹ̀ jáde. Mo tún fa òmíràn: ìyẹn yàtọ̀. Kò ní bẹ́líìtì, kò ní ẹ̀yìn. Ike pẹlẹbẹ lásán ni, irin kan tẹ̀ kọdọrọ níwájú, ọ̀kan tẹ̀ kọdọrọ lẹ́yìn, bí ọwọ́ garawa. Ìyẹn náà ní ìkejì.

"Kí lèyí?" Àyìnkẹ́ bi mí.

"Bí mo bá mọ̀, ṣé màá máa wò ó báyìí?"

"Ó jọ pańpẹ́ òkété. Jù ú nù jàre."

Mo fẹ́ jù ú nù lóòótọ́. Àmọ́ ọkàn mi ti lọ sílé, ó ti lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ mi.

Ṣàfíù lorúkọ ọkọ mi, Bàbá Àdíját ni mò ń pè é. Télọ̀ ni. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Ìgándò la háyà yàrá sí, iwájú ilé náà ni máṣìnnì rẹ̀ wà, lábẹ́ páànù. Láti kékeré ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó kàn ń bá a rìn ṣá ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ máṣìnnì, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí télọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní gbogbo Ìgándò tó lè bá a figagbága. Àfi lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, tí ọ̀kadà gbá a ní Ẹgbẹ́dá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn náà ló kán. Bàbá kan tó ń to eegun tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n ó jinná wọ́. Tí Bàbá Àdíját bá kọjú sí Ìkòtún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọjú sí Ìdímù. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọmọ ìka ò gbéra mọ́. Tó bá gbé e lé pẹ́dà, tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ á yọ̀ bọ́ sílẹ̀, òwú á já, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́.

A ti gbìyànjú máṣìnnì àfọwọ́yí. Ọwọ́ kan ń yí i, ọwọ́ kan ń darí aṣọ, ojú òwú ń rìn bí ọ̀mùtí. Ó rán ṣòkòtò kan báyìí, ẹni tó ni ín wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá Àdíját ti fi aṣọ bo máṣìnnì rẹ̀, tó sì ń sùn kọjú sógiri.

Ni àwọn ẹbí rẹ̀ bá ṣèpàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ṣe olórí. Jàfárù lorúkọ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Alàájì lèmi ń pè é. Alàájì rán awakọ̀ kan sí wa: òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá gbé àbúrò òun lọ sílé. Wọ́n ti gbá yàrá kan kalẹ̀ fún un. Kó máa jókòó níta, kó máa kí àwọn tó ń kọjá lọ, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún un. Mi ò lè ní rárá. Ìyàwó tó bá ní rárá nírú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n á ní òun ló fẹ́ kó kú sọ́dọ̀ òun. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá Alàájì dúró: kó dé, kó bá àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ jáde nínú àwa méjèèjì. Ọkùnrin tó jẹ́ pé aṣọ rẹ̀ ni ìdajì àdúgbò wọ̀ ṣe ìgbéyàwó, kí wọ́n wá gbé e lọ jókòó síbì kan bí àpò gààrí? Ó ń dùn mí dé eegun, kí n má purọ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ju nǹkan yẹn nù. Mo ti rí àwọn tí ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu ní ọsibítù, tí wọ́n wọ irin àti bẹ́líìtì. Mo ní, bóyá àwọn òyìnbó ti ń fi ike ṣe tiwọn. Mo pa ìsọ̀ dé, mo ru ẹrù mi, ó di ilé.

"Bàtà ẹlẹ́sẹ̀ dídùn ni," mo ní fún Bàbá Àdíját, mo sì tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. "Oríṣi méjì ni. Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Ó wo ti bẹ́líìtì, ó wo ti irin. Ó yí wọn síwájú, ó yí wọn sẹ́yìn. "Èwo ni iwájú ẹ̀?"

"Ibi tí ike ti dìde ni ẹ̀yìn."

"Èyí tí kò ní ike tó dìde wá ńkọ́?"

Ó wọ sáńdà rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ti bẹ́líìtì, mo fà á: ká-ká-ká. "Ó ti tó!" ó ní. Mo ní kò tíì tó. Ó ní ṣé ẹsẹ̀ èmi ni? Ó dìde. Ike yẹn ò tẹ̀, kò ká, ó ń dún gbà-gbà lórí sìmẹ́ńtì. Ó gbẹ́sẹ̀ kan, nǹkan náà yọ̀, mo sáré dì í mú, àwa méjèèjì ṣubú yakata sórí bẹ́ẹ̀dì. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, àmọ́ inú tún bí mi, torí èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

A gbìyànjú ti irin. Sáńdà ò kọ́ ọ. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn búùtù onírun yẹn wá. Ó rọ̀ jù, irin yọ kúrò. Mo ní kí la tiẹ̀ ń ṣe yìí, Sìdíkátù? Bóyá pańpẹ́ ni lóòótọ́.

Ariwo wa ló mú Zacchaeus yọjú. Ará Èkìtì ni, ó háyà yàrá tó kọjú sí tiwa, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Ìkẹjà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tó jẹ́ pé tó bá bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà rẹ̀, yóò kọ́kọ́ kí gbogbo ilé kó tó bọ́ bàtà. Ó mú ti bẹ́líìtì lọ́wọ́, ó rí àwòrán kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwa ò tiẹ̀ kíyè sí. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ dúró lórí pákó gígùn kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú nǹkan yìí, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ pákó funfun báláú.

"Iyọ̀ ni?" mo bi í.

"Yìnyín ni, Ìyá Àdíját. Tí òtútù bá mú lọ́hùn-ún, yìnyín á bo gbogbo òkè. Wọ́n á wá de ara wọn mọ́ pákó, wọ́n á máa yọ̀ bọ̀ láti orí òkè."

"Láti lọ síbo?"

"Sí ìsàlẹ̀."

"Kí ló wà ní ìsàlẹ̀?"

Zacchaeus ronú díẹ̀. "Kò sí nǹkan kan. Eré ni. Wọ́n á tún gòkè padà."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣeré. Kò rẹ́rìn-ín. "Bí pákó bá ń ṣubú lọ ńkọ́?"

"Wọ́n á bá a ṣubú. Wọ́n ti dè é mọ́ ọn, ẹsẹ̀ ò lè bọ́."

"Ẹ gbà mí o! Èèyàn tẹ́sẹ̀ ẹ̀ méjèèjì pé, táwọn kan ń wá ẹsẹ̀ kan péré, òun ló lọ de ara ẹ̀ mọ́ pákó? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni?"

Èmi ń sọ̀rọ̀, mo ń ṣépè fún ẹni tó di bẹ́ẹ̀lì yẹn, àmọ́ Bàbá Àdíját gba nǹkan náà lọ́wọ́ Zacchaeus, ó ń fi àtàńpàkò pa ihò mẹ́rin tó wà lára ìdérí roboto yẹn.

"Ẹ tún un sọ," ó ní. "Ẹsẹ̀ ò lè kí ni?"

"Kò lè bọ́."

"Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn? Kí ẹsẹ̀ má bọ́ kúrò lórí nǹkan?"

"Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

Ọkọ mi wò mí. "Ìyá Àdíját, ẹ mú mi lọ sídìí máṣìnnì."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Kì í ṣe bàtà tí wọ́n ń fi rìn. Ṣe ló yẹ ká dè é mọ́ pẹ́dà.

Ẹ má rò pé ìdàrúdàpọ̀ tán síbẹ̀ o. Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ́dà máṣìnnì ẹlẹ́sẹ̀, irin ni, ó ní ihò káàkiri bí àwọ̀n, bóòtù lè gba inú rẹ̀ kọjá. Zacchaeus lọ ra bóòtù lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Wàyí o, èwo ni ká dè mọ́ ọn, ti irin ni àbí ti bẹ́líìtì?

"Ti irin ni," Zacchaeus ní. "Irin ò lè já. Bẹ́líìtì lè já."

"Ti bẹ́líìtì ni," èmi náà ní. "Mo ta bàtà pẹ́ ju bí ẹ ṣe ti wà níṣẹ́ ìjọba lọ. Ohun tó bá lè fẹ̀, tó lè fún, òun ló ń gba gbogbo ẹsẹ̀."

Bàbá Àdíját ní ká dákẹ́, òun ló ni ẹsẹ̀. Ó ní ká fi ti irin ṣáájú.

A dè é mọ́ ọn. Mo wá búùtù sójà kan tí etí àtẹ̀lẹsẹ̀ rẹ̀ le nínú ọjà mi àtijọ́, irin iwájú kọ́ ọ, mo tẹ ti ẹ̀yìn gbá a. Ẹsẹ̀ há pinpin, bí eyín lẹ́nu. Inú Zacchaeus dùn, ó ń wò mí bí ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kẹ̀kẹ́ máṣìnnì yí, ó ń yí, mo ti fẹ́ pariwo Alihamudulilahi. Àfi bí òógùn ṣe bo ojú rẹ̀. Ti irin yẹn, bóòtù rẹ̀ ń lọ tààrà ni. Iwájú ló ń kọ ẹsẹ̀ sí, ẹsẹ̀ Bàbá Àdíját sì ti pinnu pé Ìdímù lòun ń lọ. Orúnkún rẹ̀ ló wá ń dùn ún.

"Ẹ bá mi yọ ọ́," ó ní.

Mo gbìyànjú láti yọ ọ́, kò yọ. Zacchaeus gbìyànjú. Ìgbà tó yá, a fi ọmọrí odó lù ú kó tó tú.

"Tí ìtọ̀ bá wá ń gbọ̀n mí ńkọ́?" Bàbá Àdíját bi Zacchaeus. "Ṣé màá ránṣẹ́ pè yín ní Ìkẹjà ni?"

A mú ti bẹ́líìtì. Ìyẹn náà fi ojú wa rí màbo. Ike tó dìde lẹ́yìn ń ti ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, pẹ́dà lọ dé ìdajì, ó há. Mo ní ká gé e. Zacchaeus ní ká má gé e, wọn ò lè ṣe é sí i lásán. Èmi ní ẹni tó ń yọ̀ lórí yìnyín nílò ẹ̀yìn, ẹni tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ò nílò rẹ̀. A bá ara wa jiyàn títí. Ọkọ mi rí sukúrúù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tú wọn, ike náà bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ó tún kù. Iwájú náà ni ti bẹ́líìtì kọjú sí, orúnkún tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Mo ti fẹ́ sunkún. Mo tẹ̀ ba láti dẹ bóòtù, kí n kúkú yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ni mo bá rí i pé bí bóòtù ṣe dẹ̀ díẹ̀, gbogbo nǹkan náà ń yí lórí ìdérí roboto yẹn. Eyín wẹ́wẹ́wẹ́ wà yí i ká bí ti ayùn. Mo yí i díẹ̀. Mo yí i sí i.

"Ẹ dúró," ọkọ mi ní. "Ẹ dúró níbẹ̀. Níbẹ̀ yẹn."

Ó ti kọjú sí Ìdímù. Mo fún bóòtù le. Ó ní orúnkún ò dun òun mọ́.

Mo gbójú sókè wo Zacchaeus. "Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é kó máa yí? Ṣé ẹsẹ̀ àwọn òyìnbó náà máa ń jinná wọ́ ni?"

"Mo ti sọ fún yín, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi dúró lórí pákó…"

"Ẹ má tún bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Tí mo bá ní ó mọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kan máṣìnnì. Ó ń tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ ń yí sẹ́yìn, òwú ń já. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lómìnira, tó bá ti ṣìṣe, á gbé e kúrò. Ní báyìí ẹsẹ̀ ò lè kúrò, máṣìnnì ló ń fà á kiri. Ó bínú, ó ju sísọ́ọ̀sì mọ́ ògiri, ó ní ká ránṣẹ́ sí Alàájì kó yá wá. Èmi náà bínú. Mo ní tó bá ń lọ, kó lọ, àmọ́ kó mọ̀ pé mi ò ní bá a lọ jókòó níta kí n máa bá a kí èrò ọ̀nà. Mo sọ ọ́ tán, ó dùn mí pé mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé láti ọjà lọ́jọ́ kejì, mo bá a nídìí máṣìnnì, kò fi aṣọ kankan sí i, ó kàn ń tẹ pẹ́dà lófìfo. Mo kọjá lọ wọ inú ilé bí ẹni tí kò rí i.

Báyìí ló ń ṣe é lójoojúmọ́. Ó di pé ó ń rán àkísà mọ́ àkísà. Ó di pé ojú òwú ń lọ tààrà. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, Zacchaeus gbé ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ kan wá, ó ní kó bá òun fún un ní ìbàdí. Mo mọ̀ pé ṣòkòtò yẹn ò tóbi jù fún un.

Sátidé, Alàájì dé. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń fọ abọ́, mo gbọ́ tí mọ́tò dúró, pikọ́ọ̀bù rẹ̀ tó fi ń kó ọjà. Mo nu ọwọ́, mo ń sáré bọ̀ láti wá kúnlẹ̀. Kí n tó dé iwájú ilé, mo ti gbọ́ igbe.

"Yéè! Ẹ wá wò ó o! Ẹ̀yin ará Ìgándò, ẹ gbà mí!"

Alàájì dúró lábẹ́ páànù, ó na ìka sí ìsàlẹ̀ máṣìnnì. Ọkọ mi jókòó, ṣòkòtò Zacchaeus wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú bẹ́líìtì.

"Sìdíkátù! O de ọmọ ìyá mi mọ́lẹ̀? O so ó mọ́ irin bí ẹran, kó lè máa pa owó fún ọ?"

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo lẹ́nu tó gbogbo ọjà Ìkòtún, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ohun tí wọ́n ń fi ṣeré lórí yìnyín ni? Ní agbolé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ti de lẹ́sẹ̀ rí, àbúrò bàbá wọn tí orí rẹ̀ dàrú, inú ìdè náà ló sì kú sí. Alàájì ló máa ń gbé oúnjẹ fún un nígbà tó wà ní kékeré. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lábẹ́ máṣìnnì yẹn nìyẹn, àwọn aládùúgbò sì ti ń pé jọ, wọ́n ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ọkọ mi ní, "ẹ jẹ́ kí n…"

"Má sọ̀rọ̀! Mo ti dé. Mo ti dé, Ṣàfíù." Omi ti ń jáde lójú Alàájì. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ó di bẹ́líìtì mú, ó fà á láti tú u. Ká-ká-ká. Ó fún sí i. Ó gbá orí bẹ́líìtì kejì mú, ó fà á. Ìyẹn náà fún. Bó ṣe ń fà á tó láti yọ àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń há sí i, kò sì yé e, ó tún ń fà á, ó ń sọ pé, "Kí lèyí? Kí lèyí tí wọ́n kó bá mi yìí?"

Mo wo ojú ọkọ mi. Ó ń dùn ún, mo mọ ojú rẹ̀ tí nǹkan bá ń dùn ún. Ìka rẹ̀ kan báyìí ló kù kó fi gbé irin kékeré yẹn, gbogbo rẹ̀ á tú. Kò gbé e. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó gbé e lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Sìdíkátù kọ́ ló dè mí. Èmi ni mo de ara mi."

Alàájì gbójú sókè.

"Mo lè tú u nígbà tó bá wù mí," Bàbá Àdíját ní. "Tí mo bá tú u, ẹ ó gbé mi lọ."

Alàájì ò dìde lórí ilẹ̀. Ó wo bẹ́líìtì, ó wo pẹ́dà, ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó tún padà wo bẹ́líìtì. Mo rí i pé kò yé e. Kí ló máa yé e níbẹ̀? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi dè é, ó yé mi bí?

"Ṣé kò dùn ọ́?" ó bi í nígbẹ̀yìn.

"Ó ń dùn mí. Ẹ ti fà á jù."

Ọkọ mi gbé irin náà, ó dẹ bẹ́líìtì díẹ̀, àmọ́ kò bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó mú etí ṣòkòtò Zacchaeus, ó tẹ pẹ́dà. Máṣìnnì sọ̀rọ̀. Ó rán an láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ láìdúró, ó já òwú, ó yí i padà, ó rán ẹ̀gbẹ́ kejì. Alàájì wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ń bá ẹsẹ̀ yẹn lọ sókè, ó ń bá a lọ sílẹ̀. Nígbà tó rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tán, Alàájì gba ṣòkòtò náà, ó fi ìka tẹ̀lé ojú òwú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dá a padà fún un, ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára rẹ̀. Kò mu omi tí mo gbé wá.

Mo tẹ̀ lé e dé ìdí pikọ́ọ̀bù láti sìn ín. Ìgbà yẹn ni mo rí ẹ̀yìn ọkọ̀: fóòmù tuntun ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ìrọ̀rí méjì, aṣọ òkè kan láti fi bo èèyàn.

"Ìyàwó," ó ní. Kò wo ojú mi. "Kí ni wọ́n ń pe nǹkan yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Alàájì."

Ó mi orí. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó tún pa á dé.

"Sọ̀ fóòmù yẹn kalẹ̀, kó o gbé e wọlé. Ìyá wa ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá rí i pé mo gbé e padà lófìfo, á rò pé Ṣàfíù kú sọ́nà ni."

Mo gbé fóòmù náà rù. Nígbà tí mo kọjá lábẹ́ páànù, Bàbá Àdíját ò gbójú sókè, ó ti tún ń rán ìbàdí ṣòkòtò náà.